Ṣé wọn ò mọ búlọ́ọ̀kù dà ni? Wàhálà sílíńdà nínú ẹ́ńjìnnì bàálù àtijọ́

Ìbéèrè

Ẹ kú ìjókòó o. Mo ń wo àwòrán ẹ́ńjìnnì bàálù láti 1903 títí dé ìparí Ogun Àgbáyé Kìíní, ọ̀rọ̀ náà ò sì yé mi. Sílíńdà kọ̀ọ̀kan dá dúró gedegbe, wọ́n kàn fi bóòtù dè é mọ́lẹ̀. Nínú òmíràn, sílíńdà fúnra rẹ̀ ló ń yí po pẹ̀lú abẹ̀bẹ̀ iwájú! Corolla tí mò ń wà, búlọ́ọ̀kù kan, ihò mẹ́rin, ó parí. Ṣé àwọn òyìnbó ìgbà náà ò mọ búlọ́ọ̀kù dà ni? Àti pé òkè tútù, kí ni wọ́n tún ń gbé omi lọ sókè fún? Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ iṣẹ́ yìí, ẹ là mí lọ́yẹ. Ẹ má fi gírámà pa mí o.

* * *

Àbúrò, wọ́n mọ̀ ọ́n dà. Bí mo bá ṣe ń lọ, màá máa dá àwọn tó ti kọ̀rọ̀ sábẹ́ ìbéèrè yìí náà lóhùn. Nígbà tí Ford gbé Model T jáde ní 1908, sílíńdà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ti wà nínú búlọ́ọ̀kù kan ṣoṣo. Ìwúwo ló lé àwọn oníbàálù kúrò nídìí búlọ́ọ̀kù, ooru ló sì wá gbá wọn mú fún ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn náà. Ẹni tó ń ṣe sílíńdà bàálù nígbà yẹn, ọ̀nà tí ooru máa gbà jáde ló ń wá kiri. Agbára ò ṣòroó rí. Kí agbára náà dúró fún wákàtí kan kí nǹkan kan má yọ́, ibẹ̀ ni iṣẹ́ wà.

Ẹ wo tẹ̀gbọ́n-tàbúrò Wright. Wọ́n kọ lẹ́tà sí àwọn tó ń ṣe ẹ́ńjìnnì pé àwọn ń wá èyí tó ní agbára ẹṣin 8, tí kò sì ní wúwo jù. Kò sẹ́ni tó ṣe é fún wọn. Charlie Taylor, mẹ́káníìkì tó ń bá wọn ṣiṣẹ́ ní ṣọ́ọ̀bù kẹ̀kẹ́ wọn ní Dayton, ló ṣe é fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. Alumíníọ́mù tí wọ́n po bàbà díẹ̀ mọ́ ni wọ́n fi da ara ẹ́ńjìnnì náà, àpò omi sì wà nínú ohun tí wọ́n dà yẹn. Sílíńdà mẹ́rin tí wọ́n fi irin dídà ṣe ni wọ́n fi tẹ́rẹ́ẹ̀dì yí wọ inú rẹ̀: íǹṣì 4 ní fífẹ̀, ìrìn písítìnì, ìyẹn irin tó ń lọ sókè sódò nínú sílíńdà, náà íǹṣì 4.

Ibi tó kàn wá ni àpótí fáàfù, ìyẹn ilé àwọn ìlẹ̀kùn kékeré tí afẹ́fẹ́ ń gbà wọlé, tí èéfín ń gbà jáde. Omi dé ara sílíńdà, kò dé ibi tí fáàfù jókòó sí. Bí ẹ́ńjìnnì bá ti ṣiṣẹ́ díẹ̀, ibẹ̀ á pọ́n. Afẹ́fẹ́ tó ń wọlé á ti gbóná kó tó dénú sílíńdà. Afẹ́fẹ́ gbígbóná sì fẹ́lẹ́, kò lè jó epo púpọ̀. Bẹ́ẹ̀ ni agbára tó bẹ̀rẹ̀ ní nǹkan bí 16 ṣe máa ń já sí 12 láàárín ìṣẹ́jú kan sí méjì. 12 yẹn ló gbé wọn lọ́jọ́ 17 oṣù December 1903. Ìrìn tó gùn jù lọ́jọ́ náà, ìṣẹ́jú àáyá 59 ni.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi ọ̀rọ̀ àpótí fáàfù yìí sọ́kàn. Ọdún tó lé ní ogún ni wọ́n fi ń lé e kiri.

* * *

Ẹni tó kọ ọ́ pé kí wọ́n ṣáà fá ògiri sílíńdà títí yóò fi fẹ́lẹ́, kí ìwúwo dínkù: ọ̀pọ̀ èèyàn ló gbà bẹ́ẹ̀, ó sì dà bí òótọ́ lójú. Tẹ̀gbọ́n-tàbúrò Seguin nílẹ̀ Faransé ṣe é. Ẹ́ńjìnnì wọn tó ń jẹ́ Gnome Omega, tó gbòde ní 1909, ní sílíńdà 7 àti agbára ẹṣin 50. Wọn ò da sílíńdà rẹ̀ rárá. Sítíìlì gìdìgbà tí nickel wà nínú rẹ̀ ni wọ́n gbé sórí ẹ̀rọ tọ́ọ̀nà, wọ́n fá a nínú, wọ́n fá a lóde, títí ògiri rẹ̀ fi ku mílímítà kan àbọ̀. Àwọn fíìnì, ìyẹn etí irin pẹlẹbẹ tó yí sílíńdà ká, irú èyí tí ẹ ń rí lára ẹ́ńjìnnì ọ̀kadà, inú irin kan náà ni wọ́n ti gé wọn jáde. Ẹ̀yin tọ́ọ̀nà tó wà níbí, ẹ ronú wò. Èérún irin tó bọ́ sílẹ̀ pọ̀ ju ohun tó kù lọ fíìfíì.

Mo ti dúró níwájú ọ̀kan nínú mùsíọ́ọ̀mù ní London. Mo tẹ̀ síwájú, mo tẹ̀ sẹ́yìn, mò ń wá ibi tí irinṣẹ́ ti gbọ̀n lára fíìnì yẹn, mi ò rí i. Bí oníbàárà bá ní kí n ṣe irú rẹ̀ lónìí, owó tí màá pè, kò ní padà wá mọ́.

Nínú Gnome, kíráǹkíṣáàfù, ìyẹn ọ̀pá tí písítìnì máa ń yí nínú ẹ́ńjìnnì mìíràn, ló dúró, tí wọ́n fi bóòtù dè mọ́ bàálù. Sílíńdà àti abẹ̀bẹ̀ ló jọ ń yí. Ìdí rèé: bàálù ìgbà yẹn ò sáré, afẹ́fẹ́ tó ń fẹ́ sí ẹ́ńjìnnì ò tó. Bí sílíńdà bá wá ń yí fúnra rẹ̀, afẹ́fẹ́ á máa fẹ́ ẹ, bàálù ìbáà tilẹ̀ dúró lórí ilẹ̀. Ọgbọ́n gidi ni.

Àmọ́ ògiri tó fẹ́lẹ́ kì í dúró ní róbótó. Ẹ̀gbẹ́ tó kọjú sí ibi tí sílíńdà ń yí lọ máa ń tutù ju ẹ̀gbẹ́ ẹ̀yìn lọ, nítorí náà sílíńdà á wọ́, á gùn sápá kan. Ríìngì irin dídà tí gbogbo wa mọ̀, èyí tó yí písítìnì ká kí iná má bàa sá kọjá, le, kò lè tẹ̀ lé ihò tó ń yí ìrísí padà. Ohun tí wọ́n ṣe ni pé wọ́n fi ríìngì idẹ tẹ́ẹ́rẹ́ kan sí orí písítìnì, tó rí bíi lẹ́tà L bí èèyàn bá gé e wò, tí agbára iná inú sílíńdà fúnra rẹ̀ máa ń tì mọ́ ògiri. Ríìngì yẹn ṣiṣẹ́. Ó tún máa ń kán. Bó bá sì kán, iná á gba ẹ̀gbẹ́ písítìnì kọjá, ó di kí wọ́n tú gbogbo rẹ̀. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń bá ẹni tó bá ní "kí wọ́n kàn fá a" jà. Ìwúwo tí ẹ yọ kúrò lára ògiri, ẹ óò fi àkókò mẹ́káníìkì san án.

* * *

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ya ọ̀rọ̀ lọ síbi òróró lárà: bẹ́ẹ̀ ni, castor oil ni wọ́n ń lò bí ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì. Nínú Gnome, inú ibi tí kíráǹkì wà ni pẹtiróòlù àti afẹ́fẹ́ ń gbà kọjá lọ sí sílíńdà. Ọ́ìlì tó ti inú epo rọ̀bì wá á pò mọ́ pẹtiróòlù, á ṣàn bí omi, kò ní lè ṣiṣẹ́ mọ́. Òróró lárà kì í pò mọ́ ọn bẹ́ẹ̀. Kì í sì í padà sínú táńkì. Èéfín ló ń bá jáde, ara bàálù á rin, ara awakọ̀ á rin. Ní ti pé inú ń ṣe wọ́n gbuuru, ẹni tí ìyá rẹ̀ ti fún ní castor oil mu rí nígbà ọlidé ò ní bá wọn jiyàn. Ẹ jẹ́ ká padà sórí sílíńdà.

* * *

Omi wá ńkọ́? "Òkè tútù, kí ni wọ́n ń gbé omi lọ fún?" Mo mọ ibi tí èrò yìí ti wá. Gbogbo wa la rí Volkswagen Ìjàpá tí kò ní rádíétọ̀ tó ń lọ tó ń bọ̀ láti Èkó sí Ìbàdàn. Ṣùgbọ́n pé afẹ́fẹ́ tutù ò tó. Ó gbọ́dọ̀ pọ̀, ó gbọ́dọ̀ sáré, ó sì gbọ́dọ̀ kan ibi tó gbóná jù gan-an. Bàálù 1909, kìlómítà 70 sí 80 ní wákàtí kan ni agbára rẹ̀ mọ.

Léon Levavasseur, ará Faransé tó ṣe ẹ́ńjìnnì àti bàálù Antoinette, gbà pé omi ni. Sílíńdà 8 ni ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ní, mẹ́rin lápá kan, mẹ́rin lápá kejì, ní ìrísí V. Kí àpò omi má bàa wúwo, bàbà ló fi ṣe é, iná mọ̀nàmọ́ná ló sì fi ń mú bàbà náà lẹ̀ mọ́ ara sílíńdà nínú omi kẹ́míkà, iṣẹ́ kan náà tí wọ́n fi ń bo ṣéènì ní góòlù. Nínú bàálù tiẹ̀, ó jẹ́ kí omi náà hó di oru, kí oru náà lọ di omi padà nínú àwọn páìpù gígùn tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara bàálù. Omi tó ń hó ń gbé ooru lọ ju omi tó kàn gbóná lọ, nítorí náà omi díẹ̀ ti tó.

Bí ẹ bá fi pépà dájọ́, kò sí ohun tó lẹ́wà tó o. Awakọ̀ kan, Hubert Latham, gbé bàálù Antoinette lọ sórí òkun tó wà láàárín Faransé àti Gẹ̀ẹ́sì lọ́jọ́ 19 oṣù July 1909. Ẹ́ńjìnnì dákẹ́, ó sọ̀ sórí omi. Lọ́jọ́ 25 oṣù kan náà, Blériot, awakọ̀ Faransé mìíràn, fi ẹ́ńjìnnì oní-sílíńdà mẹ́ta tí Anzani ṣe kọjá òkun náà. Agbára ẹṣin 25 péré. Irin dídà ni sílíńdà náà, pẹ̀lú fíìnì, kò sí omi kankan. Kí ooru lè tètè jáde, Anzani lu ihò sí ìsàlẹ̀ ògiri sílíńdà, kí iná lè gba ibẹ̀ tú jáde nígbà tí písítìnì bá ti sọ̀ dé ìsàlẹ̀. Ọ́ìlì náà ń gba ihò yẹn jáde, ojú awakọ̀ ló ń bọ́ sí. Iṣẹ́ aláìnítìjú ni, ṣùgbọ́n ó gbé ọkùnrin náà dé Dover ní nǹkan bí ìṣẹ́jú 37.

* * *

Mo mọ̀ pé ẹnì kan á dárúkọ òjò, ó sì ti dárúkọ rẹ̀. Ìtàn tí gbogbo ayé ń sọ ni pé Anzani náà ti fẹ́ gan lójú ọ̀nà, àfìgbà tí òjò rọ̀ sí i lórí. Ó lè rí bẹ́ẹ̀. Bó bá rí bẹ́ẹ̀, èmi ló ń gbè lẹ́yìn: ẹ́ńjìnnì afẹ́fẹ́ lásán tó nílò kí omi wá ràn án lọ́wọ́.

* * *

Ọ̀rọ̀ sílíńdà tó dá dúró, tó jẹ́ orí ìbéèrè gan-an. Ohun tí ọ̀pọ̀ ń kọ níbí ni pé àìmọ̀kan ni. Mi ò gbà rárá.

Ẹ wo Mercedes D.III ti Jámánì, agbára ẹṣin 160, sílíńdà mẹ́fà lórí ìlà kan. Sítíìlì ni sílíńdà kọ̀ọ̀kan, wọ́n wá fi páànù sítíìlì pẹlẹbẹ yí i ká, wọ́n jó o pọ̀ di àpò omi. Bí ọ̀kan bá bàjẹ́, ẹ tú u, ẹ fi òmíràn síbẹ̀, àwọn márùn-ún yòókù ò gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀. Lójú ogun, níbi tí àgọ́ ti jẹ́ ṣọ́ọ̀bù, ìyẹn kì í ṣe nǹkan kékeré. Bó bá jẹ́ búlọ́ọ̀kù ńlá, bí ibì kan bá ní afẹ́fẹ́ nínú nígbà tí wọ́n dà á, odindi rẹ̀ ló di pàǹtí.

Ìyà ibẹ̀ ni pé ẹ́ńjìnnì á gùn, torí sílíńdà kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ ní àyè àpò omi tirẹ̀. Ìsàlẹ̀ ẹ́ńjìnnì nìkan ló ń ru gbogbo ipá, sílíńdà ò ran ara wọn lọ́wọ́. Ojú ibi tí wọ́n jó náà ń gbọ̀n, páànù á sán, omi á máa jò. Ẹni tó bá ti ń jó táńkì mọ́tò mọ irú sísán yẹn: ẹ̀gbẹ́ ibi tí wẹ́dà jó ló máa ń gbà, kì í gba ojú ibẹ̀ gan-an.

Amẹ́ríkà náà gba ọ̀nà yìí nígbà tí wọ́n wọ ogun ní 1917. Jesse Vincent ti Packard àti Elbert Hall jókòó sínú yàrá hòtẹ́ẹ̀lì ní Washington, ọjọ́ díẹ̀ ni wọ́n fi ya àwòrán ẹ́ńjìnnì tó ń jẹ́ Liberty. Ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni sílíńdà méjèèjìlá, sítíìlì, àpò omi tí wọ́n jó mọ́ ọn. Àwòrán tán o, àmọ́ sílíńdà ò yá. Bí èèyàn bá ń fá sítíìlì gìdìgbà lọ́kọ̀ọ̀kan, ìgbà wo ni yóò parí? Ford ló wá dá a yọ: ẹ mú páìpù sítíìlì, ẹ gé e, ẹ gbé e gbóná, kí ẹ̀rọ tẹ orí rẹ̀ pọ̀ kó di. Sílíńdà tó ń jáde lójúmọ́ kúrò ní 151, ó lé ní 2,000. Ẹ rí i pé ìṣòro sílíńdà kì í ṣe ti ooru nìkan; nígbà mìíràn, bí wọn ó ṣe rí i ṣe tó ni.

* * *

Olùbéèrè, ẹ má bínú, mo ti pẹ́ kí n tó dé orí búlọ́ọ̀kù. Ẹni tó kọ́kọ́ ṣe é dáadáa fún bàálù ni Marc Birkigt, ọmọ Switzerland tó ń ṣiṣẹ́ fún Hispano-Suiza ní Barcelona. Ní 1915, ó da sílíńdà mẹ́rin pọ̀ nínú búlọ́ọ̀kù alumíníọ́mù kan, búlọ́ọ̀kù méjì ní ìrísí V, agbára ẹṣin 150. Ara líle tó wà ní ẹ́ńjìnnì yẹn, kò sí èyí tó ní irú rẹ̀ nígbà náà. Òun ló wà nínú SPAD VII, bàálù ogun Faransé.

Kò ṣeé ṣe kí písítìnì máa fà lára alumíníọ́mù, torí náà ó fi sílíìfù sítíìlì, ìyẹn ẹ̀wù irin tó bo inú ihò sílíńdà, sínú, ó fi tẹ́rẹ́ẹ̀dì yí i wọlé. Orí sílíìfù náà dí, lára sítíìlì orí yẹn ni ìjókòó fáàfù wà. Omi wà lẹ́yìn alumíníọ́mù, kò kan sílíìfù. Alumíníọ́mù dídà ìgbà yẹn sì máa ń ní ihò wínníwínní tí omi ń gbà jáde, wọ́n ní láti fi enamel kùn ún kó lè dí.

Ibi tó ti wọ́ rèé, mo sì ti fi ojú ara mi rí irú rẹ̀. Ẹnì kan gbé jẹnẹrétọ̀ kékeré wá fún mi, irú tí afẹ́fẹ́ ń tù. Wọ́n ti bá a rébọ̀ rẹ̀, ìyẹn ni pé wọ́n fá ihò sílíńdà rẹ̀ fẹ̀, níbòmíràn, wọ́n fi sílíìfù tuntun sí i. Ó ń tan, ó ń ṣiṣẹ́ dáadáa, àmọ́ bó bá ti gbóná tán, iná á bẹ̀rẹ̀ sí í ré, á wá kú. Púlọ́ọ̀gì tuntun, kàbúrétọ̀ tuntun, pàbó. Mo fa sílíìfù náà yọ. Mi ò tilẹ̀ nílò ẹ̀rọ tẹ́ẹ̀sì, ọwọ́ ni mo fi fà á. Lára ẹ̀yìn rẹ̀, àwọn ibì kan ń dán, ibi tó kan alumíníọ́mù nìyẹn. Ibi tó kù dúdú, ọ́ìlì ti jóná mọ́ ọn. Ẹni tó fi í síbẹ̀ rò pé bó ti wọlé, ó parí. Àlàfo tí ojú ò tiẹ̀ rí, ooru ò lè fò ó.

Hispano náà ò jẹ́ iṣẹ́ wúruwùru o, mi ò fi í wé ti jẹnẹrétọ̀. Ṣùgbọ́n òfin ibẹ̀ ò yàtọ̀. Bí sítíìlì àti alumíníọ́mù bá gbóná, wọn kì í wú bákan náà. Alumíníọ́mù ń wú tó nǹkan bí ìlọ́po méjì sítíìlì. Ojú tó kanra dáadáa ní òwúrọ̀, bó bá gbóná, á ya síra. Ibi fáàfù èéfín ló kọ́kọ́ ń jẹ ìyà rẹ̀. Bí wọ́n ṣe ń fi agbára kún Hispano tó, bẹ́ẹ̀ ni fáàfù èéfín ń jóná tó. Àwọn tó wá lẹ́yìn, bíi Curtiss D-12 ní Amẹ́ríkà àti Kestrel ti Rolls-Royce, jẹ́ kí omi kan ara sílíńdà sítíìlì ní tààrà, kó má sí alumíníọ́mù tí ooru máa tọrọ ọ̀nà lọ́wọ́ rẹ̀.

Corolla tí ẹ fi ń yangàn, bó bá jẹ́ èyí tó ń lo ẹ́ńjìnnì 1ZZ, búlọ́ọ̀kù alumíníọ́mù ni, sílíìfù irin dídà wà nínú rẹ̀. Wọ́n da alumíníọ́mù lé irin náà lórí ni kó lè dì mọ́ ọn. Ọmọ ọmọ Birkigt lẹ ń wà kiri.

* * *

"Kí ló dé tí ẹnikẹ́ni ò fi alumíníọ́mù ṣe sílíńdà àwọn tó ń yí po?" W. O. Bentley ṣe é, èyí tó wá di oníṣẹ́ mọ́tò lẹ́yìn ogun. Ẹ́ńjìnnì Clerget tó ń yí po, tó wà nínú bàálù ogun Gẹ̀ẹ́sì tó ń jẹ́ Sopwith Camel, máa ń gbóná jù, sílíńdà rẹ̀ máa ń wọ́. Bentley, tó wà lábẹ́ iléeṣẹ́ ológun ojú omi ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, fi alumíníọ́mù ṣe sílíńdà, ó ki sílíìfù irin dídà bọ inú rẹ̀, písítìnì náà alumíníọ́mù. BR1 ni wọ́n pè é, agbára ẹṣin 150. Ó dára ju Clerget lọ, ó sì tún rọ̀ lówó. Àmọ́ ayé ẹ́ńjìnnì tó ń yí po ti ń lọ sópin: bí wọ́n bá ṣe ń yí i kánkán sí i, bẹ́ẹ̀ ni apá tó pọ̀ nínú agbára rẹ̀ ń bá gbígbá afẹ́fẹ́ lọ.

* * *

Ọ̀gbẹ́ni tó ní "afẹ́fẹ́ ló padà borí, kí lẹ tún ń jà sí", ẹ ní sùúrù. Ó borí lápá kan, òótọ́ ni, àmọ́ kì í ṣe nípa kí wọ́n kàn fi fíìnì kún fíìnì.

Ẹ wo Dragonfly, ẹ́ńjìnnì afẹ́fẹ́ ti iléeṣẹ́ A.B.C. nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ní 1918. Granville Bradshaw ló ya á. Ó fi bàbà bo fíìnì sítíìlì, torí bàbà ń gbé ooru lọ dáadáa. Ta ni yóò jiyàn? Ìjọba Gẹ̀ẹ́sì béèrè fún iye tó lé ní 11,000 kí wọ́n tó dán an wò tán. Ẹ́ńjìnnì náà wúwo ju bí wọ́n ṣe ṣèlérí lọ, agbára rẹ̀ ò tó, ó ń gbóná kọjá ààlà, kíráǹkíṣáàfù rẹ̀ sì ń gbọ̀n lójú ìyára tó yẹ kó ti ṣiṣẹ́ gan-an. Ogun parí kí ọ̀ràn náà tó pa wọ́n lára. Bàbà ò ṣe nǹkan kan níbẹ̀. Ooru ò tíì dé ara fíìnì kí bàbà tó gbé e. Orí sílíńdà ló há sí.

Láàárín ìgbà kan náà, ní Farnborough, níbi tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ti ń ṣe ìwádìí bàálù, Ọ̀jọ̀gbọ́n A. H. Gibson àti Sam Heron ti jókòó ti sílíńdà kan ṣoṣo, wọ́n ń wọn ooru rẹ̀ níbi gbogbo. Ohun tí wọ́n rí ló yí iṣẹ́ yìí padà. Ẹ fi alumíníọ́mù da orí sílíńdà, torí ó ń gbé ooru ní nǹkan bí ìlọ́po mẹ́ta irin dídà, kí fíìnì àti ọ̀nà èéfín jẹ́ ara kan náà pẹ̀lú rẹ̀. Ara sílíńdà kó jẹ́ sítíìlì. Fáàfù méjì, kí wọ́n dagun sọ́tùn-ún sósì, kí afẹ́fẹ́ lè ráyè kọjá láàárín wọn, níbi tó gbóná jù. Ẹ má fi bóòtù de orí náà mọ́ orí sítíìlì mìíràn, ìṣòro àlàfo á tún padà wá. Ẹ gbé alumíníọ́mù gbóná, kó wú, kí ẹ fi tẹ́rẹ́ẹ̀dì yí sítíìlì tútù sínú rẹ̀. Bó bá tutù, á fún un pinpin. Ìfúnpọ̀ yẹn gbọ́dọ̀ tó tí orí náà ò fi ní tú nígbà tó bá tún gbóná lẹ́nu iṣẹ́. Ìṣirò ibẹ̀ ni iṣẹ́ gidi.

* * *

Ẹnì kan béèrè lábẹ́ pé bí orí ti tutù, ṣé fáàfù èéfín fúnra rẹ̀ ò ní jóná síbẹ̀? Ìbéèrè oníṣẹ́ nìyẹn. Fáàfù ò ní fíìnì, omi ò dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, àárín iná ló dúró sí. Bó bá jókòó ni ooru fi ń ráyè gba ara ìjókòó kọjá, ìyókù gba ọ̀pá rẹ̀. Heron, tó ti kọjá sí Amẹ́ríkà, ó ń ṣiṣẹ́ ní McCook Field, pápá ìdánwò bàálù ológun ibẹ̀, gbẹ́ inú fáàfù di kòròfo, ó da ohun tó ń ṣàn sí i dé àárín, ó sì dí i. Bí fáàfù bá ti ń lọ sókè sódò, ohun inú rẹ̀ á máa gbọ̀n, á máa kó ooru láti orí lọ sí ọ̀pá. Wọ́n ti lo mẹ́kúrì. Kò lẹ̀ mọ́ sítíìlì dáadáa. Heron lo iyọ̀ kẹ́míkà tó ń yọ́, lẹ́yìn náà ó bọ́ sórí sodium, tó ń yọ́ ní nǹkan bí ìwọ̀n 98 lórí Celsius. Sodium yẹn ló dúró.

Heron náà ló ya sílíńdà Wright J-5 Whirlwind, agbára ẹṣin 220, afẹ́fẹ́ nìkan ló ń tù ú. Òun ni awakọ̀ Charles Lindbergh fi fò láti New York dé Paris ní May 1927, wákàtí 33 àbọ̀. Ẹ fi ìyẹn wé àpótí fáàfù Taylor tó ń pọ́n láàárín ìṣẹ́jú méjì.

* * *

Tọ́ọ̀nà tó kọ̀wé láti Ìlọrin pé ṣé òun lè rébọ̀ sílíńdà ẹ́ńjìnnì bàálù Lycoming bí ẹnikẹ́ni bá gbé e wá: ẹ dúró ná. Bàálù kékeré Tampico TB-9 tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ awakọ̀ fi kọ́ iṣẹ́ ní Zaria, Lycoming O-320 ló wà nínú rẹ̀, sílíńdà ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ sì ni títí dòní: ara sítíìlì, orí alumíníọ́mù, tẹ́rẹ́ẹ̀dì àti ìfúnpọ̀, gẹ́gẹ́ bí mo ṣe kọ ọ́ sókè.

Ohun tí ẹ̀rọ rébọ̀ mọ́tò ò mọ̀ ni pé ihò yẹn kì í ṣe ọ̀gbọọrọ. Apá òkè, níbi tó wọ inú alumíníọ́mù, fún ju ìsàlẹ̀ lọ ní ìdá díẹ̀ nínú ẹgbẹ̀rún íǹṣì kan. Choke ni wọ́n ń pè é. Òkè ló ń gbóná jù, òun ló ń wú jù. Bí ẹ́ńjìnnì bá gbóná dáadáa, ihò náà á wá gún régé. Bí ẹ bá fá a gún nígbà tó tutù, òkè á fẹ̀ lẹ́nu iṣẹ́, ríìngì á máa já sílẹ̀, ọ́ìlì á máa jóná. Ẹ fi gáàjì wọ̀n ọ́n lókè, láàárín àti nísàlẹ̀ kí ẹ tó fọwọ́ kan nǹkan kan. Bí ìwé bàálù náà bá ní kí wọ́n lọ̀ ọ́ padà sí choke, ẹni tó ní ẹ̀rọ rẹ̀ àti ìwé àṣẹ ni kí ẹ gbé e fún.